Nọ́ḿbà Tí O Ní Kí N Ṣọ́

Ọmọ mi, Àrẹ̀mọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ, ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì máa gbá eyín rẹ mọ́ra wọn? Bí o bá bi àwa náà, ara le, ìyá rẹ ń bẹ, èmi náà ń bẹ, orúnkún wa ló kàn ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu wa lọ lásìkò yìí. Ẹlẹ́dàá tó bá ọ jáde nínú ilé yìí kò ní padà lẹ́yìn rẹ. Ojú kò ní tì ọ́ níbi tí wọn ò ti mọ bàbá rẹ. Ilẹ̀kùn tí o bá kàn yóò ṣí, ẹni tó bá ṣí i yóò sì rẹ́rìn-ín sí ọ. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ, torí ìdúró ni mo wà nígbà tí mo gba àdúrà yẹn.

Èmi fúnra mi ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú kẹta gbọ́dọ̀ rí. Bí o bá rí ibi tí mo ti fa igi lé ọ̀rọ̀, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé mẹ́rin ni mo kà parí, ìwọ náà mọ̀, mo sì sá nínú ìwé karùn-ún nítorí tísà kan tó ń fi rúlà na èékánná ènìyàn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé fún ọ. Igun òrùlé yàrá ẹ̀yìn tún ti ń jò. Mo gbé ìkòkò síbẹ̀, ó kún, mo gbé korobá síbẹ̀, ó kún, ni mo bá kúkú gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò. Káfíńtà tó ti gba owó ilẹ̀kùn lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí o ṣì wà nílé ti gbé e dé wàyí, ilẹ̀kùn náà ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, ó sì ní ilẹ̀kùn òun dára, ẹnu ọ̀nà wa ni wọn ò ṣe dáadáa. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì. Ìyá rẹ ní igbe ọ̀kan nínú wọn jọ igbe tìrẹ nígbà tí o wà ní ọmọ ọwọ́, ló bá sọ ọ́ ní Àrẹ̀mọ. Mo ní ṣé orúkọ ló tán láyé tí ẹran fi ń jẹ́ orúkọ ọmọ mi, kò dá mi lóhùn. Màá padà wá sórí ìdí tí kò fi dá mi lóhùn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó. Ní ọjọ́ tí o ń lọ, tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè níta, o fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, o fi fóònù rẹ àtijọ́ lé mi lọ́wọ́. O ní síìmù inú rẹ̀ ló so mọ́ báǹkì rẹ. O ní mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó kú, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kó sọnù, torí nọ́ḿbà kan lè wọlé sórí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nọ́ḿbà náà sì ni kọ́kọ́rọ́ owó rẹ. O ní ẹnikẹ́ni tó bá béèrè nọ́ḿbà náà lọ́wọ́ mi, kí n má sọ ọ́. O ní kódà kó ní ìwọ ni òun, kí n má gbà á gbọ́, torí àwọn olè ayé òde òní mọ ohùn ènìyàn sín jẹ. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, fi ìka sí ibí yìí kí o rántí pé ìwọ lo sọ ọ́.

O sì mọ ẹni tí o ní kó ṣọ́ nǹkan. Gbogbo ọdún tí mo fi dúró lẹ́nu géètì ilé ìkẹ́rùsí, àpò kan ò gba abẹ́ imú mi kọjá láìní ìwé. Ọ̀gá pátápátá fúnra rẹ̀ dé lọ́jọ́ kan láìmú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, mo ní kó padà sílé lọ mú un. Ó bínú, ó pariwo, ó béèrè pé ṣé mi ò mọ òun ni. Mo ní mo mọ̀ yín sà, káàdì yín ni mi ò rí. Nígbà tí ọjọ́ orí dé tí wọ́n ní kí n máa lọ sinmi, òun náà ló fún mi ní tọ́ọ̀ṣì tí mo ń lò dòní, ó ní òun ò rí olùṣọ́ bí èmi rí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe ṣọ́ síìmù rẹ. Nítorí pé iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti ń ṣáàjì fóònù. Ṣùgbọ́n mo máa ń yọ síìmù kúrò kí n tó gbé fóònù fún un. Fóònù lásán ló ń gba iná, síìmù wà nínú fìlà mi, fìlà wà láàárín itan mi méjèèjì. Mo sì máa ń jókòó tì í títí yóò fi kún, torí ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí wọ́n má baà ní mo kàn wá gba àga oníbàárà, mo ń fá orí nígbàkígbà tí mo bá lọ. Orí mi ti dán débi pé eṣinṣin ń yọ̀ lórí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní òun ò rí irun tí òun ń fá mọ́, òun kàn ń fi abẹ rìn kiri lórí mi ni.

Nígbà tí o gúnlẹ̀ sí òkèèrè, o fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sí fóònù onígbàjámọ̀ yìí kan náà, o ní inú ilé ìkàwé kan tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ni o ti ń sọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ tẹ ohùn náà láàárín ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n ti fá ní ààbọ̀ orí ń gbọ́, ẹni tó ń dúró de tirẹ̀ ń gbọ́, gbogbo wọn ń ṣe hẹ̀n, hẹ̀n. O ní o ti lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta láìnì fóònù. O ní ọmọbìnrin tó wà nídìí káúńtà béèrè ìwé ìrìnnà, o fún un. Ó béèrè ìwé tó máa fi hàn pé o ní ilé, o ní yàrá ẹlòmíì ni o ṣì há sí. Ó béèrè báǹkì tí o ń lò níbẹ̀, o ní o kò tíì ní, torí báǹkì ní kí o kọ́kọ́ mú nọ́ḿbà fóònù wá kí àwọn tó lè kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Àwọn fóònù ní kí o lọ mú báǹkì wá, báǹkì ní kí o lọ mú fóònù wá. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. O ń rẹ́rìn-ín bí o ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, mo mọ ẹ̀rín tí o máa ń rín nígbà tí àyà bá ń já ọ.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti gbèsè. O ní wọ́n wo inú ẹ̀rọ wọn bóyá o ti jẹ gbèsè rí lórílẹ̀-èdè wọn, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n wá ní nítorí pé o kò jẹ gbèsè rí, àwọn ò mọ̀ bóyá o máa ń san án, àwọn ò lè fún ọ ní ètò tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Mo ní kí onígbàjámọ̀ tẹ ibẹ̀ padà, mo rò pé fóònù ló ń ṣe ségesège. Èmi tí mo fi ẹgba lé gbèsè kúrò lára yín, kí ọmọ mi wá dé òkèèrè kí wọ́n máa bá a ṣẹjọ́ pé kò jẹ gbèsè! Bí wọ́n bá ń fẹ́ ẹlẹ́rìí, fi orúkọ mi sílẹ̀ fún wọn, màá kọ̀wé, màá tẹ̀ka sí i.

O ní èyí tó kù ni èyí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ ṣáájú, o ní ìpè inú rẹ̀ kò lópin. Ọmọ mi, ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń ta ohun tí kò lópin, kò sí irú ọjà bẹ́ẹ̀. O ní dátà wà nínú rẹ̀, gíìgì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú rẹ, kí wọ́n kì í dáadáa, kí wọ́n sì fi èènì lé e, torí àjèjì ni wọ́n máa ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ jẹ.

Ìparí ohùn náà ló wá gba oorun lójú mi. O ní iṣẹ́ ti wà, ní ilé ìkẹ́rùsí kan, wọ́n ti rí ọ, wọ́n ti wo apá rẹ, wọ́n fẹ́ ọ. Mo dìde nínú ṣọ́ọ̀bù náà, mo sọ fún gbogbo wọn pé ẹni bíni làá jọ. Ṣùgbọ́n o ní orí fóònù ni wọ́n ti ń pe àwọn òṣìṣẹ́ láti sọ ìgbà tí wọ́n máa wá, o ní ọ̀gá ibẹ̀ fún ọ di ọjọ́ Ẹtì láti mú nọ́ḿbà wá, bí o kò bá mú un wá, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ni wọ́n máa gbà. O ní kí a máa gbàdúrà, o ń wá ọgbọ́n kan dá. O kò sọ ọgbọ́n tí o fẹ́ dá fún mi. Ìyẹn náà, fi ìka síbẹ̀.

Ó wá di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, tó jẹ́ pé Ẹtì yẹn ló kù lọ́la. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kan ẹsẹ̀ àga, ìyá rẹ ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo wò ó, nọ́ḿbà ti wọlé, ẹyọ mẹ́fà tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀rọ̀ òyìnbó wà níwájú wọn, ọ̀rọ̀ òyìnbó wà lẹ́yìn wọn. Mo fi fìlà bò ó mọ́lẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, adìyẹ kan ló wà nítòsí, mo lé e.

Fìlà ò tíì jókòó dáadáa lórí rẹ̀ tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún gan-an. Nọ́ḿbà tó ń pè gùn bí ọ̀nà oko, àmì bí àgbélébùú kékeré ló wà níwájú rẹ̀. Mo gbé e. Ohùn kan ní Bàbá, èmi ni, nọ́ḿbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yẹn, ẹ kà á fún mi, ẹ ṣe kíá, fóònù ẹlòmíì ni mo yá.

Àrẹ̀mọ, gbọ́ mi. Kò kí mi. Kò ní ẹ káàsán, kò ní ara yín ńkọ́, kò béèrè ìyá rẹ. Láti ìgbà tí o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, o kò bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú mi rí láìkí mi. Kódà ní ọjọ́ tí o já láti orí igi gúáfà tí ẹsẹ̀ rẹ kán, tí mo ti ibi iṣẹ́ dé bá ọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibi tí o nà sí ni o ti ní ẹ káàbọ̀, Bàbá, kí o tó ké. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ tí mo tọ́ kọ́ nìyí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, báwo ló ṣe mọ̀ pé nọ́ḿbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé? Èmi nìkan ni mo rí i, èmi àti adìyẹ. A jẹ́ pé òun ló rán an wá. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ti rí i pé ẹni tó ju òkúta sórí òrùlé ló máa ń kọ́kọ́ sáré wá béèrè pé kí ló dún.

Mo wá dán an wò bí olùṣọ́. Mo bi í pé kí ni ajá wa ń jẹ́. Ó ní a ò ní ajá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé tí kò ní ajá ni olè máa ń kọ́kọ́ wò. Mo bi í pé igi wo ló ti já. Ó ní gúáfà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe rẹ lọ́jọ́ náà. Mo bi í pé kí ni mo máa ń fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní tọ́ọ̀ṣì, Bàbá, tọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́. Bó ṣe ń gbà á ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí sí i, torí olè tó bá mọ abẹ́ ìrọ̀rí ẹni, ó ti wọ yàrá ẹni rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni nọ́ḿbà náà ní láyé, ó ní ó ti ń kú lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Nọ́ḿbà kì í kú. Mo ṣí fìlà wò ó, ó wà níbẹ̀ digbí, bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí náà ó ṣì wà níbẹ̀, kò ṣá, kò rà. Ó ní ìyá tó yá òun ní fóònù ti ń na ọwọ́ láti gbà á. Ó ní bí òun ò bá rí láìnì yẹn rà lónìí, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó wá pariwo mọ́ mi, ó ní kí n kà á. Ọmọ mi kì í pariwo mọ́ mi. Ni mo bá gbé ohùn géètì jáde, èyí tí mo fi ń lé wọn nígbà ayé iṣẹ́ mi. Mo ní olè ni ọ́, ọmọ mi ò ní irú ohùn rẹ. Mo ní láìnì tí o fẹ́ fi owó olówó rà yẹn, o kò ní fi gbọ́ ìròyìn ayọ̀ láyé rẹ. Ọ̀rọ̀ burúkú ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n olè ni mo sọ ọ́ sí. Olè nìkan ni mo sọ ọ́ sí.

Ìyá rẹ sáré wọlé pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, ó béèrè pé ta ni mo ń lé. Mo ní olè ni, mo ti lé e, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é látòkèdélẹ̀, mo rò pé yóò pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní kí n sín ohùn náà fún òun gbọ́. Mo sín in. Ó ní ṣé ó ń fa ọ̀rọ̀ nímú díẹ̀, bí ẹni tí òtútù mú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn olè. Ọmọ mi, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú eruku, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Láti ìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ewúrẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Yóò gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ bí ẹni gbé e fún agbowó orí, yóò wá yíjú sí ọmọ ewúrẹ́ tó sọ ní orúkọ rẹ, yóò ní Àrẹ̀mọ, bí o bá jìnnà sílé o, má pe ilé, wọn ò ní dá ọ mọ̀. Yóò ní Àrẹ̀mọ, bí iná bá ń jó ọ o, kọ́kọ́ kí àgbàlagbà ná. Ewúrẹ́ á ní mẹ̀ẹ́ẹ̀. Èmi á máa jẹun lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá. Ẹtì mìíràn tún kọjá, a ò gbọ́ ohùn rẹ. Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ là bá ti gbọ́ ọ, àmọ́ fóònù tirẹ̀ já sínú bàsíà omi ọṣẹ, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, wọn ò tíì gbé e dé. Mo ra káàdì, mo pe nọ́ḿbà gígùn yẹn padà. Obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ ti dàgbà, ó ń sọ èdè tí mi ò gbọ́. Mo ní Àrẹ̀mọ ni mò ń wá, ó ń sọ tirẹ̀, mò ń sọ tèmi, káàdì tán. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ṣé ó rí i, ẹgbẹ́ olè ni wọ́n, wọ́n tiẹ̀ ní ìyá arúgbó nínú wọn. Ó sọ fún ewúrẹ́ pé òun ò gbọ́ ọ rí kí olè fi nọ́ḿbà tí wọ́n lè fi pè é padà sílẹ̀.

Lánàá fóònù dún, èmi àti ìyá rẹ jọ fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbára. Àwọn tó ni láìnì ló pè, wọ́n fẹ́ ta orin fún wa, pé kí ẹni tó bá ń pè wá máa gbọ́ ọ. Ìyá rẹ ya ẹnu bí ẹni fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé, ó jáde lọ.

Mo tọ onígbàjámọ̀ lọ. Mi ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un o, mo kàn bi í bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ béèrè, pé ìgbà wo gan-an ni irú nọ́ḿbà báyẹn máa ń wọlé. Ó ní nígbà tí ẹni tó ni káàdì báǹkì bá ń fi í ra nǹkan lọ́wọ́ ni. Mo ní bí olè bá wá jí káàdì náà ńkọ́? Ó ní ìyẹn náà lè ṣẹlẹ̀. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú, mo forí lé ọ̀nà ilé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn ló ń fúyẹ́ sí i lọ́wọ́ mi.

Ní ti owó, o mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í parí kó má kàn án. Òrùlé fẹ́ páànù méjì, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ti kú, ẹnu ọ̀nà sì fẹ́ ẹni tó máa gbẹ́ ẹ ga dé ibi tí ilẹ̀kùn káfíńtà fẹ́. Báyìí ni kí o ṣe é. Bí kì í bá ṣe ìwọ lo pè, a jẹ́ pé o ti rí láìnì rà lọ́nà mìíràn, iṣẹ́ ti wọlé, tètè fi owó ránṣẹ́, kí o sì fi owó ìṣọ́ mi lé e. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìwọ ni, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Jẹ́ kó máa jò.

Ní ti nọ́ḿbà náà, mo ti rò ó. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní lẹ́tà tó ń lọ sí àdírẹ́sì tí o kọ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà wa lè lo oṣù kan lọ́nà, ọwọ́ púpọ̀ ni yóò sì kọjá. Oṣù kan ò bà mí lẹ́rù, nọ́ḿbà kì í ṣe ẹja. Ọwọ́ púpọ̀ yẹn ló ń kọ mí lóminú. Nítorí náà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni mo kọ síbí, ẹẹ́rin, oókan, ẹẹ́jọ. Mẹ́ta tó kù yóò wà nínú lẹ́tà mìíràn, kí ẹni tó bá jí ọ̀kan má baà rí odidi.

Ibí yìí ni mo ti parí lẹ́tà náà. Mo ti ká a, mo ti fi itọ́ sí àpòòwé. Mo tún tú u.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ìyá rẹ. Lẹ́yìn tí mo sọ ọ̀rọ̀ burúkú yẹn tán, ẹni tó pè kò pa fóònù. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo dúró kó bú mi, torí olè tí o bá lé máa ń dúró lókèèrè bú ọ. Kò bú mi. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ní, ẹ kú ìṣọ́ o, Ọ̀gá Géètì. Ó wá pa á.

Nígbà tí o wà ní kékeré, bí ìyá rẹ bá ní kí o gbé oúnjẹ wá fún mi lẹ́nu iṣẹ́, wàá dúró síta pẹ̀lú abọ́ lórí, wàá ní ẹ kú ìṣọ́ o, Ọ̀gá Géètì. Mi ò ní ṣí géètì títí wàá fi sọ ọ́. Eré èmi àti ìwọ ni. Àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́, Bàbá Ọlọ́dẹ ni wọ́n ń pè mí. Ìyá rẹ, orúkọ rẹ ló fi ń pè mí. Kò sí ẹlòmíì láyé tó ń pè mí ní Ọ̀gá Géètì. Mo ti wá ọ̀nà tí olè fi lè gbọ́ ọ, mo wá a títí, mi ò rí i. Ọmọ mi, àyà mi ń já. Mi ò mọ ibi tí o wà, mi ò mọ ohun tí o jẹ.

Nítorí náà, odidi rẹ̀ nìyí: ẹẹ́rin, oókan, ẹẹ́jọ, ẹẹ́jọ, òfo, eéjì. Ẹẹ́wàá kan tún wà nínú òyìnbó tó tẹ̀lé e, mo kọ ọ́ mọ́ ọn, bóyá wọ́n á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bí olè bá ṣí lẹ́tà yìí lọ́nà, ó rí i nìyẹn. Mo ti ṣọ́ ọ tó.

Ẹnu tí mo fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, òun náà ni mo fi yí i padà. Láìnì tí o bá rà, ìròyìn ayọ̀ ni wàá máa fi gbọ́. Iṣẹ́ tó lọ, èyí tó jù ú lọ yóò mọ ilé rẹ. Ìyá tó yá ọ ní fóònù, ọmọ tirẹ̀ náà kò ní kan ilẹ̀kùn kí wọ́n má dá a mọ̀. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí ewúrẹ́ sọ fún mi kí n sọ fún ọ.

Síìmù kò ní wọ fìlà mọ́, inú fóònù ni yóò máa wà, fóònù sì wà lọ́wọ́ mi. Bí o bá tún pè, jọ̀ọ́, má kí mi. Bọ́ sórí ọ̀rọ̀ rẹ. Èmi ni màá kí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ̀gá Géètì.